Koríko Tó Kọ̀ Láti Dúró Níwájú Ilé Wa

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la kọ́lé sí. Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ wo ilẹ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó jáde láti Ìwó lọ sí Ilé-Ogbó, ọkọ mi dúró lókè, èmi dúró nísàlẹ̀, a ní láti pariwo kí á tó gbọ́ ohùn ara wa. Ó ní, "Ṣé o rí i bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ níbí?" Mo ní mo rí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Atẹ́gùn nìkan la rí, kò sẹ́ni tó ronú kan òjò nínú wa.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú ọgbà ilé ìwòsàn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, koríko wà níwájú ilé àwọn dókítà. Ó tutù, ó rọ̀, ó dọ́gba bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àwa nọ́ọ̀sì kì í tẹ̀ ẹ́. Mo wá sọ fún ara mi nígbà náà pé bí Ọlọ́run bá fún mi nílé, màá ní koríko tèmi, màá bọ́ bàtà mi, màá sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń tọrọ mọ́tò, èmi ń tọrọ koríko. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń dáko ní Ilé-Ogbó, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ohun tí à ń fi ọkọ́ lé kúrò lóko láti àárọ̀ dalẹ́ ni ìwọ fẹ́ fowó rà?"

Mo rà á. Ó sì hù. Fún bí ọdún mẹ́rin, iwájú ilé wa dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà máa ń dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí a fọ̀ jù. Àwọn tó ń lọ sójú títì sọ ọ́ di àbùjá. Àlejò gbé mọ́tò gùn ún. Ọkùnrin tó ń bá wa gé e wá lọ fá a mọ́lẹ̀ pátápátá nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó ní kó má baà tètè ga. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Màmá, ó máa padà." Kò padà.

Èyí tó wá bà á jẹ́ tán ni ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sókè wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ló kọ́ ọ. Àbíkẹ́yìn mi dàgbà jù ú lọ. Òrùlé ilé náà fẹ̀, ó sì da gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí gọ́tà kan létí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù rẹ̀ á kóra jọ, á sì gba iwájú ilé wa kọjá bíi pé òun ló ni ín. Nígbà tí ọdún kejì fi máa parí, ojú àgbàrá mẹ́ta ló ti là sí ilẹ̀ wa. Yangí yọ eyín. Koríko tó kù wà ní ṣùkù ṣùkù bí irun orí arúgbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìgbálẹ̀, mo bá rí ìpìlẹ̀ ilé wa. Ohun tó yẹ kó wà nínú ilẹ̀ ló wà níta tó ń wò mí.

Ọkọ mi ní, "Ìyá wọn, jẹ́ ká da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀, kó tán síbẹ̀."

Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Orúnkún ń dà á láàmú, torí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ṣe alábòójútó gbogbo ohun tí kò lè dìde ṣe. Mo ní, "Bí a bá da kọnkéré sí i, oòrùn á sun wá nínú ilé, omi náà á sì máa sáré ju báyìí lọ. Ilé ta ni yóò wọ̀? Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Àáfà ni?"

Àáfà àgbà kan ló ń gbé nísàlẹ̀ wa, òun àti ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà níwájú ilé wọn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, a sì máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà lọ́hùn-ún bí wọ́n bá ń kà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jí bá omi mi nínú yàrá.

Ọkọ mi ní, "Èmi ti sọ tèmi." Gbólóhùn yẹn, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ayé yìí, ó ti pọ̀ jù.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn. Ó gé koríko náà ní onígun mẹ́rin mẹ́rin pẹ̀lú erùpẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tò ó jọ bíi búrẹ́dì. Ó tutù yọ̀yọ̀. Ọkàn mi fà sí i.

Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀, ẹ bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti dì mọ́lẹ̀."

"Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni o."

"Kò síbi tí kì í hù, Màmá."

Kò purọ́. Ó hù lóòótọ́. Ohun tí mi ò bi í ni bóyá yóò dúró.

A tẹ́ ẹ. Èmi fúnra mi kúnlẹ̀ tẹ́ èyí tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́ra bí ẹni ń di ojú ọgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi jí bomi rin ín. Mo máa ń dìde lórí ìjókòó láìnídìí kan, kí n ṣáà lè lọ wò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Kuta.

Mo dúró lójú fèrèsé. Òjò dé, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan ò ṣe koríko náà. Mo tilẹ̀ ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ ò rí i? Ó dì mú." Ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí omi òkè já bọ́. Koríko tó wà lókè pátápátá gbé etí sókè bí ẹní tí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ká. Ó lé èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn lé òmíràn, gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ tó kù lábẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi, tó ti fi ọ̀pá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ mi, ní, "Ó ń lọ o."

Òwe àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi onílé ti gbà fún un o, mo sì dúró sójú fèrèsé, mò ń wòran.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wé gèlè mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kí Àáfà. Mo ti mọ ohun tí mò ń lọ bá. Yanrìn pupa ti tẹ́ ojúlé wọn títí dé abẹ́ àtíbàbà, koríko mi sì kóra jọ sẹ́sẹ̀ ọgbà wọn bí ìdọ̀tí ọjà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n dìde, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ni. Wọ́n wá mú mi lọ sídìí kànga wọn. Ẹnu rẹ̀ kò ga, omi ti gùn ún kọjá. Wọ́n fa garawa kan sókè, wọ́n gbé e síwájú mi. Omi náà pọ́n bí ọbẹ̀.

Wọ́n ní, "Kò sí ìyọnu. Ọlọ́run ló ni òjò."

Ìyàwó wọn ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Òótọ́ ni, Ọlọ́run ló ni òjò. Ta ló ni yanrìn?"

Àáfà ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti bínú sí mi ni, ìbá ti rọ̀ mí lọ́rùn. Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á. Omi tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ni mo bà jẹ́, omi tí àwọn ọmọ kéú ń mu.

Mo wá àwọn tó ń gbẹ́ kànga wá láti Olúpọ̀nnà. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi gbọ́n ọn. Garawa lẹ́yìn garawa, ẹrẹ̀ ni. Ní ọ̀sán, ọ̀kan nínú wọn fa garawa kan jáde, koríko mi kan wà nínú rẹ̀, onígun mẹ́rin, odidi, ewé rẹ̀ sì tutù minijọ. Ìsàlẹ̀ kànga ló ti rí ibi tó wù ú. Inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, omi ẹ̀rọ ilé wa ni a ń fà lọ fún wọn.

Ló bá di pé kí n gòkè lọ bá ọmọkùnrin olórùlé ńlá. Tó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì rẹ̀.

"Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá? Ẹ ò ránṣẹ́ pè mí!"

Mo ṣàlàyé. Mo ní kó ṣe gọ́tà sétí òrùlé, kó sì darí omi rẹ̀ sójú títì.

"Mọ́mì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó kọjá. Mo padà lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti bá alágbẹ̀dẹ páànù sọ̀rọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní alágbẹ̀dẹ náà rìnrìn àjò. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ pé, ó gùn, kò sì ní àbùkù kankan. Mo ń gbé ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ wálé, omi rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé bó bá jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ máa ń dá omi dúró, ilẹ̀ wa ì bá ti gbẹ.

Mi ò lè dúró dè é. Mo ní kí wọ́n já yanrìn bárò mẹ́fà síwájú ilé, mo sì ń fi ṣọ́bìrì dí ojú àgbàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní, "Ìyá wọn, òjò ṣú." Mo ní mo rí i. Ó ní, "Ìyá wọn, ilẹ̀ yẹn ń yọ̀." Mo ní mo mọ̀. Nǹkan tó mú mi kò jẹ́ kí n wọlé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo sì ṣì ń rọ́ yanrìn sínú kòtò tí omi ń gbá a kúrò nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tẹ òkúta róbótó kan. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gba ara mi sílẹ̀, mo sì gbọ́ ìró kan.

Mo ti bá wọn di eegun àìmọye èèyàn. Mo mọ ìró yẹn. Mo wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mò ń sọ fún ara mi pé, ọrùn ọwọ́ ni, ó ti sán.

Ọmọkùnrin òkè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti rí mi láti orí bákónì rẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó gbé mi, ó gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀ lára mi, ó wà mí lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń di ọwọ́ mi, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò, mi ò sì sọ ohunkóhun láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, alágbẹ̀dẹ páànù ti rìnrìn àjò dé. Wọ́n ṣe gọ́tà yí òrùlé náà ká, ó dára, ó ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dì, mo rí i pé wọ́n da ẹnu páìpù rẹ̀ kọ àárín ilẹ̀ wa gan-an. Gbogbo omi tó ń já bọ́ ní ibi púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá rí ojú kan ṣoṣo gbà. Mo jókòó.

Torí ọwọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe wá láti Ilé-Ogbó. Wọ́n ní àwọn wá dáná fún mi. Wọ́n dáná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lórí ilẹ̀ iwájú ilé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wé ọ̀rá mọ́rí, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì bọ́ síta. Wọn ò mú ọkọ́, wọn ò mú ṣọ́bìrì. Wọ́n ń tẹ̀ lé omi. Bó bá yà, wọ́n á yà. Bó bá dúró, wọ́n á dúró. Wọ́n rìn láti ẹnu páìpù títí dé ẹ̀yìn ọgbà Àáfà, wọ́n tún padà gòkè. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n fún iró wọn, wọ́n ní:

"Ibo ni omi yìí ti ń wá?"

"Láti òkè ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ibo lo wá fẹ́ kó gbà?"

Láti ìgbà tí mo ti ń bá omi yìí jà, ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbà nìkan ni mo ti ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí Kuta, wọ́n pe àwọn ọkùnrin méjì tó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbẹ́ ojú omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, láti òkè dé gọ́tà ojú títì, wọ́n to òkúta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi gòkè lọ bá ọmọkùnrin yẹn, wọ́n sì jọ yí ẹnu páìpù rẹ̀ sínú ojú omi náà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Kò ju ìgbà tí ìrẹsì fi ń hó lọ. Lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ náà to yangí sórí ilẹ̀ ní ìbú, ìlà mẹ́ta, wọ́n ri ìdajì òkúta kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ebè gígùn sí àárín wọn, ní ìbú bákan náà, pé kí omi máa dúró sinmi níbi kọ̀ọ̀kan kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi dí ẹ̀yìn òkúta. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, a ò lè ṣí fèrèsé.

Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Mo ń ké pé, "Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀ yẹn jù!" Mo ń ké pé, "Òkúta yẹn wọ́!" Ọkọ mi yíjú wò mí. Ó kàn sún àga rẹ̀ díẹ̀, kí n lè ráyè ríran dáadáa.

Wàhálà tó wá ṣẹlẹ̀ ni ti ọjọ́ tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ọwọ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbin ìtàkùn ọ̀dùnkún sí gbogbo ibi tó ga jù. Ọ̀dùnkún! Níwájú ilé mi! Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gbin koríko tí wọ́n fà tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, irú èyí tó ń fà nílẹ̀, tí ewúrẹ́ ń jẹ, tí mọ́tò ń tẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe koríko ojú títì ni mo fẹ́."

"Ta ló ń bomi rin ti ojú títì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ó burẹ́wà."

"Èwo ló dára, èyí tó wà nínú kànga Àáfà?"

Mo wọlé lọ sùn ní ọ̀sán gangan. Inú mi kò dùn. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́, mo tọrọ ohun kékeré kan péré, ìtàkùn ọ̀dùnkún ni Ọlọ́run fi dáhùn.

Ṣùgbọ́n òjò mẹ́ta rọ̀, mo jókòó ti gbogbo wọn. Omi ń wọ́ dé ìlà òkúta, ó ń dúró, ó ń yọ́ kọjá. Ebè kan já nígbà òjò kejì, wọ́n tún un kọ. Ìtàkùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀. Nígbà tó yá, pupa tó wà níbẹ̀ di ewé, mo sì ń fi ọwọ́ òsì tu èpò lẹ́bàá àtẹ̀gùn láìjẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi.

Ìgbà yẹn ni ewúrẹ́ dé. Mẹ́ta ni wọ́n, ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n gòkè wá láti ìsàlẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé ọ̀dùnkún láti etí kan bọ̀ dé etí kejì. Mo dìde láti lé wọn, mo wá rí okùn aláwọ̀ ewé lọ́rùn ìyá wọn. Ti ìyàwó Àáfà ni. Mo tún jókòó. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi lọ bá a sọ̀rọ̀? Ó dójú ẹ̀, mo jókòó pẹ̀lú ọwọ́ dídì, mò ń wo ẹranko tí wọ́n ń jẹ iṣẹ́ wa.

Ọjọ́ kẹta tí àwọn ewúrẹ́ náà ti ń wá, ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lè fara dà á mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ. Wọ́n lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, kí ìjà má baà dá sílẹ̀.

Ìyàwó Àáfà ń ṣa ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n mi kí i dáadáa, wọ́n ní, "Ewúrẹ́ yín ń gòkè wá jẹ ewé wa."

Ó ní, "Ewúrẹ́ ò mọ ààlà. Bí yanrìn yín náà ò ṣe mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin gan-an, Àáfà nìkan ni mo bẹ̀."

Ó gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi tí wọ́n dì. Ó ní, "Èmi ni mo ń pọn omi nínú kànga yẹn, kì í ṣe Àáfà. Èmi ni mo fi aṣọ sẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́ báyìí." Ó dìde, ó so àwọn ewúrẹ́ náà mọ́ ìdí igi òroǹbó, ó sì fún wa ní ìjókòó. A jọ ṣa ìrẹsì yẹn tán. Ọwọ́ kan ni mo fi ṣa tèmi, ó sì ń tún un ṣa lẹ́yìn mi láìfi bò.

Wọ́n tú ọwọ́ mi. Ó tín-ín-rín, ó rọ, ó sì ń dùn mí bí ilẹ̀ bá tutù. Òjò ọdún náà parí, kànga Àáfà kò tún pọ́n. Nígbà tí ọ̀dùnkún gbó, ẹ̀gbọ́n mi kó ọkọ́ dé láti Ilé-Ogbó. Mo ké gbàjarè pé wọ́n fẹ́ tú ilẹ̀ tí a fi wàhálà dì. Wọ́n ní ta ló ń gbin ọ̀dùnkún láìwà á. A jà díẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n fi ọwọ́ wa èyí tó wà lẹ́yìn òkúta, wọ́n sì fi gbogbo ibi tó ga jù sílẹ̀ kó máa hù lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀dùnkún náà, ìyàwó Àáfà ni wọ́n kó o fún.

Iwájú ilé wa kò tíì rí bí mo ṣe fẹ́. Oríṣi koríko mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan wà tí mi ò mọ ẹni tó pè é wá. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójú ọ̀nà àbùjá ṣì pá. Mo to òkúta pẹlẹbẹ kọjá lórí rẹ̀ kí àwọn tó ń gba àbùjá máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá bá wọn wí, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, Màmá," wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin òkè sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní òun rí nǹkan kan ní Èkó tí yóò yanjú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi fọ́tò hàn mí. Koríko oníke ni, tí wọ́n ká bí ẹní. Ó ní kì í kú, kì í ga, kò sì fẹ́ omi rárá. Ó ní òun fẹ́ rà á fún mi ní ẹ̀bùn.

Mo wo ojú rẹ̀. Inú rere ló fi wá. Mo wo ọkọ mi lórí àga rẹ̀, mo rí i pé ó ti la ẹnu.

Mo ní, "Ẹ̀yin, ẹ má sọ nǹkan kan." Mo ní kí ọmọkùnrin náà fi fóònù sápò. Òkúta kan ti yẹ̀ ní ìlà kejì láti ìgbà òjò ọjọ́ tó ṣáájú, kò sì sí agbára kan lọ́wọ́ mi tí màá fi gbé e. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e, ó bi mí pé ibo ni kí òun gbé e sí. Mo fi ẹsẹ̀ júwe rẹ̀ fún un. Ó gbé e síbi tí kò yẹ. Mo tún un sọ.